Òkúta ìrántí àwọn ọmọ ogun ní àwọn ìlú kéékèèké agbègbè Prairie: ohun tó yẹ kí a mọ̀ ṣáájú ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá

Ìyá Ìbejì (gúúsù Saskatchewan)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìlú kékeré kan ní agbègbè Prairie, ìyẹn ìpínlẹ̀ Manitoba, Saskatchewan àti Alberta ní Kánádà, ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Láàárín ìlú náà, òkúta gíga kan wà tí wọ́n fín orúkọ àwọn ọmọ ìlú tó kú sójú ogun sí lára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni akọ̀wé ẹ̀ka Royal Canadian Legion (ẹgbẹ́ àwọn tó ti jagun rí) ti ìlú wa pè mí, tó béèrè bóyá àwa ìdílé Yorùbá tó wà níbí yóò fẹ́ gbé òdòdó ẹ̀yẹ síbẹ̀ ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ tí Kánádà ń rántí àwọn tó kú sógun. Mo ti dá a lóhùn pé a ó wá, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ètò ọjọ́ náà ṣe ń lọ. Kí ni à ń wọ̀? Ṣé a lè wé gèlè? Níbo ni a ti ń ra òdòdó náà? Ọkọ mi tún ń bi mí pé kí ló kàn wá nínú òkú àwọn tí a kò bá tan rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níhìn-ín, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Bàbá Brandon (Manitoba)

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn àgbà. Ìbéèrè ọkọ yín ni n ó kọ́kọ́ mú, torí pé bí a bá dáhùn rẹ̀, aṣọ àti òdòdó kò ní ṣòro mọ́.

Bí ẹ bá wo ara òkúta náà dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i pé abẹ́ 1914 sí 1918 ni orúkọ pọ̀ sí jù. Ọdún 1905 ni Saskatchewan àti Alberta ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìpínlẹ̀ nínú Kánádà. Ìjọba ń fún ẹni tó bá fẹ́ dáko ní ilẹ̀ 160 éékà, owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì ju dọ́là 10 lọ, ni àwọn ènìyàn bá ń ya wọlé láti Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nígbà tí ogun fi bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí wọ́n tẹ̀ wọ́n dó. Púpọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkọ́kọ́ tí Kánádà kó ránṣẹ́ sí òkè òkun lọ́dún náà ni wọ́n bí sí Bìrìtéènì, kì í ṣe Kánádà. Nítorí náà, ẹ sọ fún ọkọ yín pé púpọ̀ nínú àwọn tó wà lára òkúta yẹn jẹ́ àjèjì bí tiwa, àwọn tó wọkọ̀ ojú omi wá wá oúnjẹ òòjọ́, tí wọn kò tíì jókòó dáadáa nínú ìlú kí ìpè ogun tó dé.

Àwọn onílẹ̀ gan-an náà wà níbẹ̀ o. Nǹkan bí 4,000 ènìyàn láti inú àwọn ẹ̀yà First Nations ló yọ̀ǹda ara wọn fún Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, nígbà tí òfin kò tilẹ̀ fún púpọ̀ nínú wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Alex Decoteau, ọmọ ẹ̀yà Cree (ọ̀kan lára First Nations) láti Red Pheasant ní Saskatchewan, ṣe ọlọ́pàá ní Edmonton, ó sáré fún Kánádà níbi ìdíje Òlíḿpíìkì ti Stockholm ní 1912, ó sì kú lójú ogun Passchendaele ní Bẹ́ljíọ̀mù ní oṣù Kẹwàá ọdún 1917. Ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń rántí àwọn ọmọ ogun onílẹ̀, láti Winnipeg ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Bí àwùjọ First Nations bá wà nítòsí yín, ẹ bá wọn pé níbẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kí gbogbo Yorùbá mọ̀ kí ó tó dúró níwájú òkúta bẹ́ẹ̀. Nínú ogun àgbáyé méjèèjì, ìjọba kò gbé òkú àwọn ọmọ ogun padà wálé. Ibi tí kálukú kú sí, tàbí nítòsí rẹ̀, ni wọ́n sin ín sí, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, tí a mọ̀ lónìí sí Commonwealth War Graves Commission, ló sì ń tọ́jú ibojì wọn títí di òní. Ìyá àgbẹ̀ tó wà ní Saskatchewan kò lówó ọkọ̀ òkun tí yóò fi lọ wo ibojì ọmọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Òkú ọ̀fọ̀ ni gbogbo wọn, òkú tí àwọn òbí kò rí sin. Òkúta àárín ìlú yẹn ló dípò ibojì fún wọn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ń gbé òdòdó lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlú tí kò ní ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn fi dá owó jọ láti ra òkúta gíráńáìtì, nígbà tí ọ̀nà ìlú náà ṣì jẹ́ ẹrẹ̀.

Kì í ṣe òkúta nìkan ni wọ́n ń lò. Níbi tí owó kò tó, àwọn àgbẹ̀ ṣa òkúta inú oko wọn jọ, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì mọ ọ́n. Ní Darlingford, ní gúúsù Manitoba, ilé bíríkì kékeré kan ni wọ́n kọ́ sáàárín ọgbà òdòdó ní 1921, kò sì sí iṣẹ́ mìíràn tí wọ́n kọ́ ọ fún ju ìrántí yẹn lọ. Ní Saskatoon, igi ni wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà inú itẹ́ òkú Woodlawn láti ọdún 1923. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀pọ̀ ìlú yàn láti kọ́ gbọ̀ngàn tàbí pápá yìnyín tí àwọn ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀, kí àwọn alààyè lè máa lò ó. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n pe gbọ̀ngàn ìlú yín ní Memorial Hall, ẹ wo ara ògiri ẹnu ọ̀nà, ẹ ó rí pátákó orúkọ. Èyí tó wú mi lórí jù lọ ni pé Manitoba àti Saskatchewan fi orúkọ àwọn tó kú sógun sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún adágún, erékùṣù àti odò ní apá àríwá. Ti Manitoba nìkan ju 4,000 lọ.

Àwọn ìlú kan ti tú tán báyìí. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ibẹ̀ kọjá mọ́, wọ́n ti ti ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ti lọ sí Regina tàbí Calgary, ẹ ó sì rí òkúta orúkọ ní ẹ̀bá ọ̀nà níbi tí kò sí ilé mọ́. Àwọn arúgbó tó kù ló ń gé koríko rẹ̀. Mo rò pé èyí wà lára ohun tó mú akọ̀wé yẹn pè yín: ó ń wá ẹni tí yóò máa bá wọn dúró síbẹ̀.

Ọmọ Olúyọ̀lé (àárín gbùngbùn Alberta)

Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ètò ọjọ́ náà.

Lọ́wọ́ Legion gan-an ni ẹ ti máa béèrè òdòdó ẹ̀yẹ, ẹ má lọ ra ti ṣọ́ọ̀bù. Oríṣiríṣi ni wọ́n ní, owó wọn kò sì dọ́gba. Owó náà ń wọ àpò tí wọ́n fi ń ran àwọn tó ti jagun rí àti ìdílé wọn lọ́wọ́. Wọ́n lè kọ orúkọ ẹgbẹ́ yín sára rẹ́bọ́ọ̀nù rẹ̀, nítorí náà ẹ tètè fi orúkọ náà ránṣẹ́ ní àkọsílẹ̀, kí wọ́n má baà ṣì í kọ.

Òdòdó pupa kékeré tí wọ́n ń pè ní poppy, láti Jímọ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Apá òsì, lókè àyà, ni ó ń wà. Kò ní iye kan pàtó. Ohun tí ọwọ́ yín bá ká ni kí ẹ jù sínú àpótí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń yọ bọ́, pàápàá lára ẹ̀wù òtútù, nítorí náà ẹ wá nǹkan kékeré há ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ ti dé ibẹ̀ kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ tó kọjá púpọ̀. Àwọn tó gbé àsíá yóò tò wọlé, wọn yóò kọ orin orílẹ̀-èdè, wọn yóò sì fun fèrè ológun. Ní aago mọ́kànlá géérégé, gbogbo ènìyàn yóò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì. Ẹ pa fóònù yín pátápátá, nítorí ìdákẹ́jẹ́ yẹn lágbára débi pé a lè gbọ́ okùn àsíá tó ń lu òpó. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń pe àwọn ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá pè yín, kí ẹni méjì rọra rìn lọ síwájú, kí wọ́n gbé òdòdó náà kalẹ̀, kí wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, kí wọ́n tẹrí ba, kí wọ́n sì padà sí àyè wọn. Kò sí àtẹ́wọ́, kò sí ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ má sì dúró ya fọ́tò níwájú òkúta.

Ní ti aṣọ, ẹ wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Gèlè kò burú, ṣùgbọ́n ẹ wé kékeré, torí pé àwọn arúgbó ni yóò wà lẹ́yìn yín. Àwọn ọkùnrin ń ṣí fìlà nígbà ìdákẹ́jẹ́. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ní kí ó bo orí kò sí lábẹ́ èyí. Òtútù Prairie kò mọ ayẹyẹ, ẹ wọ bàtà tó nípọn, kí ẹ sì fi ẹ̀wù gbígbóná sábẹ́ ìró àti bùbá. Ní ìlú mìíràn, inú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń ṣe é nítorí òtútù náà, nítorí náà ẹ béèrè ibi tó máa jẹ́ ṣáájú. Bí wọ́n bá parí, wọ́n sábà máa ń pè yín wá mu kọfí ní ilé Legion. Ẹ má sá lọ, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ìlú.

Ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni ọjọ́ náà ní Saskatchewan àti Alberta (Manitoba ní òfin tirẹ̀), ṣùgbọ́n ẹ̀yin nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ìsinmi kì í kan ilé ìtọ́jú. Ẹ tètè wá ẹni tí ẹ ó jọ pààrọ̀ iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa yóò san yín lẹ́san. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá fún ọkọ mi, ó ní òun náà yóò tẹ̀ lé wa. Àwọn ọmọ wa ti lọ kọ orúkọ tó wà lára òkúta náà sínú ìwé. Orúkọ bàbá kan náà wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ sì fẹ́ mọ̀ bóyá tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n. Ibo ni a ó ti wá èyí?

Bàbá Brandon

Inú mi dùn sí àwọn ọmọ náà. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí Canadian Virtual War Memorial, tí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn tó ti jagun rí ṣe sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ju 118,000 lọ, ó sì sábà máa ń fi orúkọ òbí, ọjọ́ ikú àti ibojì hàn. Saskatchewan náà ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tí ẹ bá ti rí nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí Library and Archives Canada. Wọ́n ti ya fọ́tò ìwé gbogbo àwọn tó jagun fún Kánádà nínú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, ó ju 600,000 lọ, ọ̀fẹ́ sì ni kíkà rẹ̀.

Ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí ìlú tí wọ́n bí i sí, iṣẹ́ rẹ̀, gíga rẹ̀, ìjọ rẹ̀, àti ẹni tó sún mọ́ ọn jù. Bí àdírẹ́sì ìyá àwọn méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ wo ìwé owó oṣù náà, torí ó ń fi iye tó ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù hàn, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti dúró lórí ìlà láti fi owó ránṣẹ́ sílé yóò lóye. Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ orí, torí àwọn ọmọdé púpọ̀ purọ́ ọjọ́ orí wọn kí wọ́n lè gbà wọ́n. Sípẹ́lì orúkọ náà lè yàtọ̀ sí ti ara òkúta.

Bí ẹ kò bá rí ibojì, ẹ má rò pé àkọsílẹ̀ ti sọnù. Orúkọ 11,285 ọmọ ogun Kánádà tó kú ní ilẹ̀ Faransé láìní ibojì tí a mọ̀ wà lára òkúta ìrántí Vimy, àwọn tó kú ní apá Ypres sì wà ní Menin Gate ní Bẹ́ljíọ̀mù. Fún 1942, tí ẹ bá rí ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, ìkọlù Dieppe ní etíkun ilẹ̀ Faransé nìyẹn. South Saskatchewan Regiment wà lára àwọn tó gúnlẹ̀ ní Pourville níbẹ̀, ọmọ ogun Kánádà tó ju 900 lọ ló sì bá ìkọlù náà lọ.

Ọmọ Ẹ̀gbá (Regina)

Ẹ kú ìjíròrò, ẹ̀yin àgbà. Bàbá bàbá mi lọ sí ogun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ṣé mo lè wọ̀ ọ́ lọ síbi òkúta, kí n sì kọ orúkọ rẹ̀ sára rẹ́bọ́ọ̀nù òdòdó wa?

Bàbá Brandon

Ọmọ mi, má wọ̀ ọ́ o. Òfin Kánádà kò gbà kí ẹlòmíràn wọ àmì ẹ̀yẹ ogun tí kì í ṣe tirẹ̀, ìbáà ṣe ti bàbá rẹ tàbí ti ọmọ rẹ. O lè fi sínú férémù lára ògiri, o sì lè mú un lọ sí ilé Legion lẹ́yìn ètò, kí o fi hàn wọ́n. Ìhà kan náà ni bàbá bàbá rẹ àti àwọn tiwọn wà nínú ogun náà, wọn yóò sì fẹ́ gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Ní ti rẹ́bọ́ọ̀nù, èrò tèmi ni pé kí á kọ orúkọ ẹgbẹ́ nìkan. Àwọn ará ìlú kékeré ló ni òkúta yẹn. Nàìjíríà ní ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, tí wọ́n fi rọ́pò ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ti bàbá bàbá rẹ bá ìyẹn mu dáadáa.

Ọmọ Olúyọ̀lé

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, n kò gbà pẹ̀lú yín níbẹ̀ yẹn. Ọjọ́ kan náà, ogun kan náà ni, Legion ti ìlú tiwa sì gbà kí ìdílé kan láti Íńdíà dárúkọ bàbá wọn. Ẹ jẹ́ kí ó béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé. Bí wọ́n bá gbà, kí ó kọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan nínú ẹbí rẹ kú sí Bọ́mà, àbúrò, wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission. Òkúta ìrántí Rangoon tó wà ní Taukkyan ní orúkọ nǹkan bí 27,000 tí kò ní ibojì tí a mọ̀, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà nínú wọn.

Ìyá Ìbejì

Mo ti bá akọ̀wé sọ̀rọ̀. Ó ní inú gbọ̀ngàn ni yóò jẹ́ bí yìnyín bá pọ̀, kí a sì fi orúkọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ kí oṣù Kẹwàá tó parí. “Àwọn Ìdílé Yorùbá” ni a ní kí wọ́n kọ, mo sì ti fi àmì ohùn orí rẹ̀ sí i kí wọ́n lè ṣe àdàkọ rẹ̀ bó ṣe rí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni àwọn méjì yẹn lóòótọ́. Àdírẹ́sì ìyá kan náà ni, ní Scotland. Ẹni tí yóò bá mi pààrọ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ náà ni mo ṣì ń wá.