Búrọ́ọ̀ṣì wo ló yẹ orí ọ̀pá olómi?

Ìbéèrè (Ìjẹ̀bú-Òde): Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Fèrèsé ilé alájà mẹ́ta ni mo fẹ́ fi ọ̀pá olómi (ọ̀pá gígùn tó ń gbé omi dé búrọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀) fọ̀, eruku pupa ti gan mọ́ gíláàsì. Búrọ́ọ̀ṣì wo ni kí n rà?

Ìdáhùn (Ṣágámù): Búrọ́ọ̀ṣì onírun ẹlẹ́dẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n pa irun náà pọ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, ni kí ẹ fi fọ ìdọ̀tí tó ti gan. Ó máa ń ha á kúrò ju náílọ́ọ̀nù lásán lọ, àmọ́ ó ń mu omi, ó sì ń wúwo. Nítorí náà, ẹ má kọjá sẹ̀ǹtímítà 35 ní fífẹ̀, kí ọ̀pá má baà máa tẹ̀. Fún àfọ̀túnfọ̀ oṣooṣù, náílọ́ọ̀nù tó.

Ìdáhùn (Ìkẹ́nnẹ́): Òótọ́ ni. Ẹ wo ẹnu omi náà, ìyẹn ihò tí omi ń gbà jáde lára búrọ́ọ̀ṣì. Bí omi bá ń tẹ́ lórí gíláàsì, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó. Bó bá ń ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹnu tó ń tú omi jáde fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ ló dáa. Ẹ gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò lára gíláàsì kí ẹ tó ṣàn án. Férémù òkè ni kí ẹ kọ́kọ́ fọ̀, torí ìdọ̀tí ibẹ̀ ló ń ṣàn bọ̀ wá ba gíláàsì jẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé omi kànga ò burú?

Ìdáhùn (Ìkẹ́nnẹ́): Rárá o, ẹ má lò ó báyẹn. Ẹ sẹ́ ẹ títí òǹkà TDS (iye èròjà tó yọ́ sínú omi) fi di 0. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àmì funfun á kù sílẹ̀ bó bá gbẹ.