Kírísítálì mi dán lójú, ṣùgbọ́n X-ray kò rí nǹkan gidi mú níbẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Púrótéènì tí mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí ń di kírísítálì dáadáa nínú PEG 3350 (kẹ́míkà tó ń fa omi kúrò lára púrótéènì kó lè di kírísítálì) àti iyọ̀ díẹ̀. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, etí rẹ̀ mú ṣáṣá. Àmọ́ tó bá déwájú X-ray, kò kọjá 7 Å (Å ni ìwọ̀n tín-ín-tín tí a fi ń wọn àlàfo àárín átọ́ọ̀mù; bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré sí i ni àwòrán púrótéènì ṣe ń mọ́ sí i), àwọn àmì tó ń hàn sì rí wúruwùru. Ẹwà lásán!

Glycerol 20% ni mo fi ń dáàbò bò ó kí yìnyín má bàa bà á jẹ́, kí n tó rì í bọ nitrogen olómi láti dì í. Ibẹ̀ ni mo fura sí jù, torí nǹkan bí ìdajì kírísítálì púrótéènì ló sábà ń jẹ́ omi. Ṣé kí n kọ́kọ́ yẹ ọ̀kan wò láì dì í rárá? Àbí kí n máa fa omi ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú PEG tó túbọ̀ ki? Ọ̀gá mi ní kí n gé ìrù púrótéènì náà tó ń mì káàkiri, ṣùgbọ́n ìyẹn á dá mi padà sórí DNA tí a fi ń ṣe púrótéènì náà, kí n tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti lọ kírísítálì àtijọ́ kúnná ṣe irúgbìn fún tuntun, ẹ jọ̀ọ́, ṣé àmì X-ray tiyín dára sí i, àbí kírísítálì kàn tóbi ni?