Tòmátì rọ lójijì lẹ́yìn ilé: ta ló ti rí irú ẹ̀?

Ìyá Dèjì (Ìbàdàn): Ẹ kú ilé o. Láàárọ̀, tòmátì mi dúró digbí. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo ewé ti rọ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì pọ́n rárá. Mo bomi sí i, kò jí. Kí lẹ rò pé ó ṣe é?

Àgbẹ̀ Olóògbo: Ẹ gé igi ẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ ki ojú ibi tẹ́ ẹ gé bọ inú ife omi tó mọ́. Ẹ má mì ín. Tí nǹkan funfun bí omi ògì bá ń yọ́ wálẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bakitéríà inú ilẹ̀ ni.

Tòkunbọ̀: Ayé ni, màmá. Ẹ wo àwọn ará ilé yín dáadáa 😂

Ìyá Dèjì: Mo ti ṣe é. Ó ń yọ́ o.

Àgbẹ̀ Olóògbo: Kò lóògùn. Ẹ hú u tigi-tigbòǹgbò, ẹ sun ún, kẹ́ ẹ sì fọ ọkọ́ kó tó kan ibòmíì. Kí lẹ gbìn síbẹ̀ tẹ́lẹ̀?

Ìyá Dèjì: Ata rodo. Ṣáájú ẹ̀, ikàn.

Àgbẹ̀ Olóògbo: Ẹ ò rí nǹkan! Ẹbí kan náà ni wọ́n, àrùn yìí ò yọ ìkankan sílẹ̀. Ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀. Ní ti tòmátì, ẹ wá yẹ̀pẹ̀ ibòmíì, ẹ rọ ọ́ sínú àpò ìrẹsì, kẹ́ ẹ gbìn ín síbẹ̀. Tòkunbọ̀, ṣé ayé ló gbin ata?

Dúpẹ́: Mo ń ka gbogbo ẹ̀.

Ṣadé (London): Tèmi ò rọ. Ìsàlẹ̀ èso ló ń dúdú, á wá rì wọnú. Mo da èèpo ẹyin sí i, ó kàn ń wò mí ni.

Màmá Bísí: Èèpo ẹyin ń ṣiṣẹ́ o! Òun la ń lò nílé wa.

Kúnlé: Ẹ má bínú, mà. Kí èèpo yẹn tó jẹrà tán, ẹ ti jẹ tòmátì ọ̀hún gbàgbé. Ṣadé, inú ìkòkò ló wà?

Ṣadé (London): Ìkòkò kékeré. Tí oòrùn bá mú, ó ti gbẹ kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Kúnlé: Ibẹ̀ ló wà. Omi ló ń gbé kalisíọ̀mù, èròjà tó wà nínú èèpo ẹyin náà, lọ sínú èso. Bó bá gbẹ, tó tún kún àkúnya, ìsàlẹ̀ èso ò ní rí tiẹ̀ gbà. Ìkòkò ńlá, omi déédéé, koríko gbígbẹ nídìí ẹ̀.

Màmá Bísí: Èmi ò ní yé da tèmi.

Ará Kàdúná: Ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ní 2016, kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta wọ oko níbí, ìdin ẹ̀ á há sáàárín ewé, á máa jẹ ẹ́ láti inú, á tún lu èso. Ebola tòmátì la pè é. Owó apẹ̀rẹ̀ kan fò sókè, kò ṣeé sún mọ́.

Tòkunbọ̀: Ọdún yẹn ni ìyàwó mi fi kárọ́ọ̀tì se ọbẹ̀.

Màmá Bísí: Kárọ́ọ̀tì kẹ̀? Tátàṣé tán lọ́jà ni?

Tòkunbọ̀: Ẹ bá mi bi í, mà.