Ṣọ́ọ̀kì iwájú Honda CG125 bàbá mi, àti ẹyin tó ń fọ́ lọ́nà Ìlobùú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń sọ pé tí ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀kadà (ẹsẹ̀ irin méjì tó di táyà iwájú mú, tó ń gba kòtò mọ́ra) bá ti rọ̀, kéèyàn ṣáà wá nǹkan ṣe tí á fi le. Ohun tí èmi náà gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó sì ná mi lówó, ó ná mi lẹ́yin.

Ẹyin ni mò ń tà. Láti oko adìyẹ kan lọ́nà Ìlobùú ni mo ti ń gbé e wá sí Ọjà Ọba ní Òṣogbo, kíréètì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ẹyin 300 nìyẹn, màá fi rọ́bà so ó mọ́ kárià dáadáa. Honda CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni mo fi ń ṣe é. 1976 ni Honda kọ́kọ́ gbé irú máṣíìnì yẹn jáde, ẹni tó bá sì ti gùn ún rí mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kì í dààmú èèyàn. Tèmi ṣì ń lù ketekete, àmọ́ iwájú ẹ̀ ti kú. Tí mo bá tẹ bíríìkì, orí ẹ̀ á dorí kodò bí ewúrẹ́ tó fẹ́ mumi, tí mo bá já sí kòtò irin á kan irin, gbà!, ọ́ìlì sì ń sun lára ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ òsì, eruku wá lẹ̀ mọ́ ọn.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó da ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì 40, tó ki gan-an, sínú ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, ó gé páìpù PVC kékeré lé orí sípírìn kó lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe gùn ún kúrò níbẹ̀ inú mi dùn gan-an, iwájú le gbagidi, kò dorí kodò mọ́. Ọjọ́ kejì ni mo lọ kó ẹyin, mo dé Ọjà Ọba, mo kà á, ẹyin 41 ló ti fọ́! Nígbà tí ṣọ́ọ̀kì rọ̀ yẹn, kì í ju mẹ́wàá sí méjìlá lọ. Ọwọ́ mi méjèèjì kú tipiri dé ìgbọ̀nwọ́.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ tọ́nà, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, ládùúgbò wa ló là mí lójú. Ó ní, "Àbúrò, sípírìn ló ń gbé ẹrù, ọ́ìlì kàn ń dì í mú kó má máa jó ni." Ó ní nínú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ báyìí irin kan wà tí wọ́n lu ihò kéékèèké sí, ibẹ̀ ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gbà kọjá nígbà tí táyà bá gbéra. Tí ọ́ìlì bá ki, tí kòtò wá dé lójijì, kò ní ráyè kọjá, bí ìgbà téèyàn fẹ́ fi sírínjì fa oyin ni, ṣọ́ọ̀kì á dúró gan bí igi, gbogbo máṣíìnì ló máa fò. Ẹyin mi ló ń san gbèsè ẹ̀.

Kó tó tú nǹkankan, ó gbé iwájú sókè, ó di ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mú, ó tì í síwá sẹ́yìn bóyá kọ́ọ̀nù orí áńdù, ibi tí áńdù ti ń yí, ló jẹ, kò jẹ. Ó wá fi èékánná fa páìpù irin ṣọ́ọ̀kì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ti ọwọ́ òsì ti dípẹtà, ó ti ní ihò wínníwínní níbi tí síìlì, rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró, ti ń rìn gan-an. Mo ti pààrọ̀ síìlì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé síìlì ni ò dáa! Mi ò mọ̀ pé rọ́bà tó bo páìpù, tí mo yọ dànù nígbà tó ya, òun ló ń dáàbò bò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́.

Àwọn kan gbà mí níyànjú pé kí n yọ gbogbo iwájú máṣíìnì tuntun kan fi rọ́pò. Mo rò ó, ẹ̀gbọ́n ní rárá, torí bíríìkì CG jẹ́ ti dúrọ́ọ̀mù, ara ṣọ́ọ̀kì ni ibi tó ń di pátákó bíríìkì mú kó má yí wà. Ṣọ́ọ̀kì oní dísìkì ò ní i. Tí ò bá rí ohun tó dì í mú, ọjọ́ tóo bá tẹ bíríìkì pátákó á yí pẹ̀lú táyà, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ti dé nìyẹn.

Páìpù tuntun méjì la rà, síìlì, rọ́bà ìbora, ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì 10W tó ṣàn ju 40 yẹn lọ, àti sípírìn tí wáyà ẹ̀ nípọn díẹ̀ ju tàtijọ́ lọ. Díẹ̀ ni mo wí o, torí tí wáyà bá fi táńtán nípọn sí i, líle ẹ̀ máa ń pọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìdérí orí ṣọ́ọ̀kì, sípírìn ń tì í lábẹ́, ọmọṣẹ́ ẹ̀gbọ́n tú u láìfi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó fò gba etí mi kọjá fìì. Sírínjì la fi wọn ọ́ìlì kó dọ́gba lápá méjèèjì, a fà á sókè sódò títí afẹ́fẹ́ fi jáde. Nígbà tí a dá táyà padà, ẹ̀gbọ́n ní kí n kọ́kọ́ tẹ iwájú mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀melòó kan ká tó de táyà pinpin, kí ṣọ́ọ̀kì méjèèjì má fún ara wọn.

Mo wá so rọ́bà tí wọ́n fi ń di náírà mọ́ páìpù kan, mo di kíréètì mẹ́wàá sẹ́yìn, mo rọra jókòó, mo sọ̀ kalẹ̀, mo wo ibi tí rọ́bà dúró sí. Ó yẹ kó wọlé láàárín ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ibi tí ṣọ́ọ̀kì lè wọlé dé, tèmi bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́, láìsí PVC kankan.

Ẹyin mẹ́rin ló fọ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi kó ẹrù láti Ìlobùú. Ó ṣì ń tẹrí ba díẹ̀ tí mo bá tẹ bíríìkì, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí ni. Síìlì ti rí òjò ọdún méjì báyìí, kò sun.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tiẹ̀ ní Òṣogbo, kó so rọ́bà mọ́ páìpù ṣọ́ọ̀kì lálẹ́ yìí, kó gùn ún dé Ọláìyá kó padà, kó wo ibi tó dúró sí, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì wọlé dé jù lọ, kó tó lọ ra ohunkóhun, kó wá sọ fún wa níbí.