Ìrànlọ́wọ́ nípa ìrìn àjò ọkọ̀ Mendi kí ó tó rì ní 1917

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn ọkọ̀ ojú omi. Mo ń wá àkọsílẹ̀ iṣẹ́ tí ọkọ̀ Mendi ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Glasgow ni wọ́n ti kàn án ní 1905, òwò láàárín Liverpool àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló sì ń bá kiri kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó háyà rẹ̀ ní 1916 láti máa kó ọmọ ogun.

Bí ó ṣe rì kò ṣòro láti rí kà: ní ìdájí ọjọ́ 21 Oṣù Kejì 1917, nínú kùrukùru, ọkọ̀ Darro, tó tóbi jù ú lọ dáadáa, forí sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní gúúsù Isle of Wight, erékùṣù kan ní England, èèyàn tó lé ní 600 sì bá a lọ, tí ọ̀pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú láti Gúúsù Áfíríkà tó ń lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ọ̀gákọ̀ Darro kò ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ ìtukọ̀ rẹ̀ fún ọdún kan péré. Èyí ṣì ń bí mi nínú.

Oṣù díẹ̀ tó ṣáájú ni ó rú mi lójú. Mendi yà sí Èkó nígbà tó ń bọ̀ láti Cape Town nínú ìrìn àjò ìkẹyìn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti de ìbọn ńlá mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ǹjẹ́ ó wà lára àwọn ọkọ̀ tó kó ọmọ ogun Nàìjíríà láti Èkó lọ sí Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ìparí 1916? Bí ẹnikẹ́ni bá ti rí ìwé àkọsílẹ̀ ìrìn àjò rẹ̀, yálà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn tàbí ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi nọ́ńbà fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi.