Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, homeopathy ní Íńdíà, àṣẹ kóòtù 2019

Mọ́míì Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn láti ìjẹta. Ọmọbìnrin àbúrò mi ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mẹta, Medicine ló ń wá, máàkì ò tó. Éjẹ́ǹtì kan wá bá wa pé òun máa gba BHMS fún un ní Íńdíà, ìyẹn dìgírì homeopathy, ọ̀kan lára ìṣègùn àfidípò tí wọ́n ń pè ní alternative medicine, ọdún márùn-ún ààbọ̀, a sì ti san díẹ̀ nínú owó ẹ̀. Ìgbà tí mo bi í pé báwo ni iléèwé yẹn ṣe ń gbà wọ́n láìwo máàkì, ó ní kóòtù ló fàyè gbà á, ó tiẹ̀ fi ìwé àṣẹ kóòtù kan hàn mí lórí fóònù, 2019 ló wà lára ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn lè gbọ́kàn lé e? Bàbá ọmọ ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ ẹ̀ kó lè san èyí tó kù.

Bọ̀dá Lọ́yà:
Mọ́míì, ẹ dá ilẹ̀ yẹn dúró ná. December 2018 ni ìjọba Íńdíà fi sófin pé ẹni tó bá máa kọ́ Ayurveda, ìyẹn ìṣègùn ìbílẹ̀ Íńdíà, tàbí homeopathy gbọ́dọ̀ ṣe NEET, ìdánwò táwọn tó ń wá MBBS, ìyẹn dìgírì Medicine, ń ṣe, kó sì dé 50th percentile, ìyẹn ni pé kó lé ìdajì àwọn tí wọ́n jọ ṣe é sẹ́yìn. Àwọn iléèwé aládàáni, pàápàá ti ìpínlẹ̀ Punjab, gba kóòtù lọ, wọ́n ní àyè ṣófo lọ́dọ̀ àwọn, High Court fún wọn láṣẹ ìgbà díẹ̀, wọ́n fi gba ọmọ. Àmọ́ ní 20 February 2020 Supreme Court ní rárá, àyè tó ṣófo kọ́ ló máa sọ ẹni tí ò kúnjú òṣùwọ̀n di dókítà, torí aláìsàn làwọn náà máa tọ́jú. Àwọn tó ti wọlé ṣáájú 15 October 2019 nìkan ni wọ́n ṣàánú, wọ́n sì sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré nìyẹn. Ìwé tó fi hàn yín ti kú.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Àwọn ọmọ yẹn ló ń ṣe mí láàánú jù. Ọmọ ọdún 18 sanwó, ó jókòó sí kíláàsì, kò mọ̀ bóyá adájọ́ máa lé òun lọ́la, iléèwé tó gba owó ẹ̀ sì mọ̀ pé àṣẹ ìgbà díẹ̀ lòun dì mú. Ìwà ìkà ni lójú tèmi. Àmọ́ Lọ́yà, ọmọ Íńdíà ni wọ́n ń jà lé lórí níbẹ̀ yẹn o, ìjọba wọn ṣì ń fún ọmọ òkèèrè ní sikọ́láṣíìpù láti wá kọ́ ọ, ICCR, àjọ ìjọba Íńdíà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àṣà pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, ló ń bójú tó o.

Bọ̀dá Lọ́yà:
Òótọ́ ni, ọ̀nà tọmọ òkèèrè yàtọ̀. Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn tí kò fi yẹ kí éjẹ́ǹtì máa fi ìwé ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ hàn yín. Ẹ ní kó mú orúkọ iléèwé wá, kẹ́ ẹ wò ó bóyá National Commission for Homoeopathy fún wọn láyè láti gba ọmọ lọ́dún yìí, àwọn ló ń bójú tó o láti July 2021. Kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí yunifásítì fúnra yín, kí wọ́n fi lẹ́tà sọ pé àwọn gba WAEC ẹ̀, pẹ̀lú Physics, Chemistry àti Biology. Tí lẹ́tà ò bá tọwọ́ yunifásítì wá, ẹ má sanwó.

Anti Nọ́ọ̀sì:
Ẹ bá mi bi ọmọ náà pé ṣé homeopathy ló wù ú lóòótọ́, àbí torí pé Medicine ò bọ́ sí i? BHMS kì í ṣe MBBS o. Nàìjíríà níbí, MDCN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, ni òfin gbé ọ̀rọ̀ alternative medicine lé lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n kó tó lọ, kì í ṣe ìgbà tó bá ti lo ọdún márùn-ún ààbọ̀ tán.

Mọ́míì Bódìjà:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti pe àbúrò mi, kò ní ta ilẹ̀ mọ́ báyìí. Mo ní kí éjẹ́ǹtì kọ orúkọ iléèwé ránṣẹ́, láti àárọ̀ ló ti ka mẹ́séèjì mi, kò tíì fèsì. Ọmọ náà ní òun fẹ́ bá Anti Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ṣé mo lè ní kó pè yín lálẹ́?