Àwọn olóṣèlú tí a pàdé lójú oórì: ẹ sọ tiyín

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀:
Bàbá wa àgbà ló kọ́kọ́ mú mi lọ síbi Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn. Èmi rò pé òkúta gíga tí wọ́n kan ìṣó irin mọ́ lára lásán ni a fẹ́ lọ wò. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Ọ̀rànmíyàn wọlẹ̀ sí, ẹni tó tẹ Ọ̀yọ́ dó, tí ọmọ rẹ̀ Eweka sì jọba ní Ìbíní. Ó ti sọ fún ará ìlú pé bí ogun bá dé, kí wọ́n pe òun. Wọ́n mutí yó, wọ́n pè é láìsí ogun. Ó jáde, ó sì ti ń pa àwọn èèyàn rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé ọmọ Ifẹ̀ ni wọ́n.

Ibẹ̀ náà ni bàbá ti fò sí 1962. Ọ̀ọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó gorí ìtẹ́ ní 1930, ni gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà. Àwọn aṣòfin tó pọ̀ jù buwọ́ lùwé pé àwọn kò fẹ́ Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ẹkùn náà, mọ́, Kábíyèsí yọ ọ́ nípò, wọ́n fi Adégbẹ́nró rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ jókòó n'Íbàdàn, àga ń fò, tajútajú ń rú! Bàbá á dìde, wọ́n á fọwọ́ ju àga hàn wá.

Wọn kì í fo Fani-Káyọ̀dé, ọmọ Ifẹ̀ bíi tiwa, tí gbogbo ayé ń pè ní Fani Power. Ó dá àbá òmìnira nílé aṣòfin l'Ékòó ní 1958, ó di igbákejì Akíntọ́lá nígbà tí Akíntọ́lá padà sípò ní 1963. Lóru January 15, 1966, wọ́n pa ọ̀gá rẹ̀. Òun ni àwọn ológun mú lọ sí Èkó, ó sì yè é. Èmi kò fara mọ́ òṣèlú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n.

Ó ṣì ku Ọ̀run Ọba Adó, níbi tí ìtàn ní wọ́n ń gbé orí àwọn ọba Ìbíní wá sin sí. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti gbẹ́ ibẹ̀ rí. Mélòó nínú wa ló ti débẹ̀?

Ọmọ Iléṣà:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀sà-Òkè ni tèmi. Mo wà níbẹ̀ ní January 2002 tí wọ́n sin Bọ́lá Ìgè, gómìnà Ọ̀yọ́ láti 1979 sí 1983, nígbà tí gbogbo Ọ̀ṣun yìí ṣì wà lára Ọ̀yọ́. Mínísítà ètò ìdájọ́ ni nígbà tí wọ́n yìnbọn pa á nílé rẹ̀ ní Bódìjà, December 23, 2001. Títí dòní, ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń sunkún, ó ń wí pé, "Sẹ́kọ́ńdírì ọ̀fẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọmọ mi fi kàwé." Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn wọ̀ mí lára ju gbogbo ìwàásù ọjọ́ náà lọ.

Ọmọ Ilé-Ifẹ̀:
Àbúrò, ààfin wa ni wọ́n ti ṣí fìlà lórí Ìgè lóṣù tí wọ́n pa á yẹn. Ó ń dùn mí di ìsinsìnyí. Ta ni òbí rẹ̀ wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí wọ́n sin Akíntọ́lá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n, kí ẹ wá sọ fún wa.